Kí ẹ tó fọ lápútọ́ọ̀pù: ibi tí ayé géèmù inú bíráwúsà wà, àti bí a ṣe ń kó o jáde

Ìyá Ayọ̀, Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lápútọ́ọ̀pù tí ọmọ mi ń lò ti ń lọ́ra gan-an, a sì fẹ́ gbé e lọ sí Queen Cinema, ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìbàdàn níbí, ní Sátidé kí wọ́n fọ Windows rẹ̀ nù, kí wọ́n gbé òmíràn sí i. Ọmọ náà ò jẹ́ kí n sinmi. Géèmù méjì ló ń ṣe nínú Chrome, bíráwúsà tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni Sandboxels, níbi tí wọ́n ti ń da iyanrìn, omi àti iná pọ̀, èkejì jẹ́ ti bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé. Nínú ti bùlọ́ọ̀kù yìí, ó ti kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú àwọn òpó iwájú rẹ̀, ó kọ́ Cocoa House, ó ka àjà 26 pé, ó wá ń fi àwọn ilé onípáánù pípọ́n yí wọn ká. Ó bi mí pé tí òun bá fi àkáǹtì Google òun wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ṣé gbogbo rẹ̀ á padà wá? Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Onímọ̀ẹ̀rọ Agbowó

Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì gbé e lọ o! Ọ̀rọ̀ Google yẹn kò rí bí Ayọ̀ ṣe rò ó. Tí èèyàn bá fi àkáǹtì kan náà wọ Chrome lórí kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àwọn ojú-ìwé tó sàmì sí àti ìtàn ibi tó ti kiri dé lè tẹ̀ lé e. Ohun tí géèmù fúnra rẹ̀ tọ́jú sínú bíráwúsà kì í tẹ̀ lé e. Orí díìsìkì lápútọ́ọ̀pù yẹn ló wà. Ẹni tó bá fọ díìsìkì náà ti fọ Mápó àti Cocoa House mọ́ ọn.

Ibi méjì ni irú géèmù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tọ́jú nǹkan sí. Ọ̀kan ń jẹ́ localStorage. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbà, ààyè tí sáìtì kọ̀ọ̀kan sì ní níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 MB lọ. Èkejì ni IndexedDB, òun ló ń gba ẹrù ńlá, ibẹ̀ sì ni ayé bùlọ́ọ̀kù, ìyẹn gbogbo ohun tí ọmọ kọ́ sínú géèmù, máa ń wà tó bá fẹ̀. Ẹ ò nílò láti há orúkọ wọn sórí, mà. Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú ni pé àdírẹ́sì sáìtì ni méjèèjì so mọ́, inú bíráwúsà kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà. Ilé tí Ayọ̀ bá fi Chrome kọ́, kò ní rí i nínú Firefox lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Kódà tí sáìtì náà bá kúrò lórí http bọ́ sórí https, tàbí tó pa orúkọ dà, bíráwúsà á kà á sí àlejò tuntun. Ilẹ̀ òfìfo lọmọ á bá níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ yìí ni pé kí ó ṣí géèmù kọ̀ọ̀kan, kó wá ibi tí wọ́n kọ Export, Download tàbí Save to file sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kó ohun tí èèyàn kọ́ jáde bíi fáìlì. Inú Settings tàbí Options ló sábà máa ń wà. Tó bá wà, iṣẹ́ ti dín kù púpọ̀.

Ọmọ Sàngó

Mà, Sandboxels ní in. Ó ní ibi ìpamọ́ nínú bíráwúsà, ó sì tún ń jẹ́ kí èèyàn dáńlóòdù ohun tó kọ́ bíi fáìlì. Fáìlì yẹn gan-an lẹ fẹ́. Èyí tó wà nínú bíráwúsà á bá Windows lọ.

Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé ọ̀nà tí géèmù kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣe é yàtọ̀. Cookie Clicker, tó ti wà láti 2013, ń kó gbogbo iṣẹ́ èèyàn jáde bí ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ojú ò lè kà, tó máa ń parí sí %21END%21. Tí ẹ ò bá rí ìparí yẹn, ẹ ò tíì kọ́ọ̀pì rẹ̀ tán. Ti Townscaper orí bíráwúsà tún jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá: inú àdírẹ́sì tó wà lókè ni ìlú tí èèyàn kọ́ wà. Ẹ kọ́ọ̀pì àdírẹ́sì yẹn síbì kan, ẹ ti kọ́ọ̀pì ìlú náà nìyẹn. Infinite Craft tó jáde ní 2024 kì í béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ èèyàn, inú bíráwúsà ló ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti rí.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ ni géèmù fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ WhatsApp bíi mẹ́sééjì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad, ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi fáìlì .txt, kí ẹ wá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ara yín bíi Document. WhatsApp máa ń ka àwọn àmì kan sí àṣẹ láti mú lẹ́tà nípọn tàbí kó tẹ̀, lẹ́tà kan péré tó bá sì ṣìnà, géèmù lè kọ̀ ọ́.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Mọ́níyà

Ọmọ Sàngó, o káre. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára, torí mo mọ bí ojú ọmọ ṣe máa ń rí nígbà tó bá jókòó tí kò bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbàlagbà á ní géèmù ni, kó kọ́ òmíràn. Ọmọ tó jókòó ka àjà Cocoa House, tó ń ro bí òpó Mápó ṣe máa jìnnà síra wọn, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ìyá Ayọ̀, inú mi dùn pé ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ fáìlì. Ẹ fi ọjọ́ ṣíwájú, ọdún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́: 2025-08-14-mapo. Tí ẹ bá ń kọ ọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà á máa tò wọ́n tẹ̀ léra wọn fúnra rẹ̀. Kó má sì máa fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Fáìlì lè bàjẹ́ kí ọmọ má tètè mọ̀, tó bá wá jẹ́ ẹyọ kan ló wà, èyí tó bàjẹ́ yẹn náà ni ẹ̀dà rẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi wo ìwọ̀n fáìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáńlóòdù rẹ̀. Èyí tó bá ka 0 KB, òfìfo ni. Èyí tó bá ṣàdédé kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un kó jáde.

Ti kafé àti yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Àwọn kan níbẹ̀ ń lo ètò bíi Deep Freeze, tó ń dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún tàn án. Ọmọ tó bá ṣeré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé fáìlì rẹ̀ sórí fíláàṣì kó tó dìde. Bákan náà ni fèrèsé Incognito: tí wọ́n bá ti pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ dé, ohun tí géèmù tọ́jú síbẹ̀ ti lọ. Àwọn tó ń fi Scratch kọ́ géèmù tiwọn náà, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé àkáǹtì nìkan. "Save to your computer" wà lábẹ́ File, fáìlì .sb3 ló máa fún wọn.

Ìyá Ayọ̀, Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ti Sandboxels ti jáde, ó ti wà lórí fíláàṣì, ó sì ti wà nínú íméèlì mi. Ti bùlọ́ọ̀kù yẹn ni kò ní Export rárá. A ti wo gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀. Ọmọ ti ń fajú ro.

Onímọ̀ẹ̀rọ Agbowó

Ẹ sọ fún un kó má fajú ro, mà. Ó ṣì ṣeé ṣe, sùúrù ló gbà. Tí géèmù kò bá fún wa ní fáìlì, a ó gbé gbogbo ilé tí Chrome ń kó ẹrù rẹ̀ sí.

Ẹ pa Chrome dé pátápátá. Kì í ṣe kí ẹ kàn ti fèrèsé rẹ̀, torí ó lè ṣì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ wo apá ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi tí aago wà, tí àmì Chrome bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì sí i, kí ẹ yan Exit. Tí Chrome bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń kọ́ọ̀pì, ẹ̀dà tí ẹ máa rí lè má pé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ tẹ %LocalAppData% síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Ìdí tí a fi ń gba ibẹ̀ ni pé Windows máa ń fi fódà AppData pamọ́ fún ojú. Ẹ ṣí Google, ẹ ṣí Chrome, ẹ óò rí fódà kan tó ń jẹ́ User Data. Ẹ kọ́ọ̀pì odindi rẹ̀ sórí fíláàṣì tàbí díìsìkì ìta. Ó lè tóbi o, ó sì lè pẹ́, torí fáìlì kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná wà, tàbí kí bátìrì kún, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú User Data, fódà Default ni tí ẹni tó ń lo Chrome bá jẹ́ ẹyọ kan. Tí ẹ̀yin àti Ayọ̀ bá ní àmì orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Chrome, tirẹ̀ lè wà nínú Profile 1 tàbí Profile 2. Nínú rẹ̀ lẹ ti máa rí fódà Local Storage àti fódà IndexedDB. Ẹ ṣí IndexedDB wò: tí ẹ bá rí fódà tó ní orúkọ sáìtì géèmù náà, ibẹ̀ ni Mápó wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ Windows tán, ẹ gbé Chrome sí i, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa á dé pátápátá, kí ẹ wá fi User Data ti fíláàṣì rọ́pò tuntun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú rẹ̀ lè má ṣí mọ́, torí Windows àtijọ́ ni wọ́n fi tì í, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ètò kan lè tún ara wọn tò. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tó ṣe pàtàkì síbì kan ṣáájú. Ẹrù géèmù kò sí lára ohun tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yẹn tì. Ẹni tó bá ń lo Firefox, kó tẹ about:support síbi àdírẹ́sì, á rí Profile Folder, kó tẹ Open Folder, kó pa Firefox dé, kó sì kọ́ọ̀pì fódà náà.

Èyí tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ gbé ẹ̀dà yẹn sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó gbé lápútọ́ọ̀pù jáde nílé. Ẹ ya kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n tàbí ti aládùúgbò tí kò lo Chrome rẹ̀, kí Ayọ̀ ṣí géèmù náà níbẹ̀. Tó bá rí Mápó, ẹ lè fọ̀ ọ́. Tí kò bá rí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan díìsìkì yẹn.

Akọkóòdù, Ring Road

Ẹ̀gbọ́n Agbowó ti sọ ọ́ yékéyéké. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tó ń kọ géèmù kún un, torí nǹkan mélòó kan wà tí òbí kì í fura sí.

Bíráwúsà ka ohun tí sáìtì tọ́jú sí nǹkan tí òun lè sọ nù tí ààyè bá há lórí díìsìkì. Èyí tí èèyàn ti pẹ́ jù tí kò lò ló máa kọ́kọ́ lọ. Akọgéèmù lè ní kí bíráwúsà má fọwọ́ kan tiwọn. Firefox máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó bóyá ó gbà, Chrome ní tirẹ̀ máa dá a pinnu láìbéèrè. Nítorí náà, díìsìkì tó kún fọ́fọ́ jẹ́ ewu fún géèmù ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ààyè máa wà níbẹ̀.

Lórí iPhone àti Mac, Safari le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2020, tí èèyàn bá ti lo Safari fún ọjọ́ 7 láì fọwọ́ kan sáìtì kan, ó lè pa ohun tí sáìtì náà tọ́jú rẹ́. Ẹni tó bá fi géèmù náà sójú fóònù pẹ̀lú "Add to Home Screen" bọ́ lọ́wọ́ òfin yẹn, àmọ́ ibi ìpamọ́ tirẹ̀ ni ó máa lò, kì í ṣe ti Safari. Ẹ kọ́kọ́ kó ayé náà jáde láti inú Safari, kí ẹ tó kó o wọ èyí tó wà lójú fóònù.

Ti sáìtì tó ń gbé géèmù ẹlòmíràn sínú ojú-ìwé tirẹ̀ tún ń ru èèyàn lójú. Láti 2023 ni Chrome ti ń ya ìpamọ́ irú géèmù bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí sáìtì tí èèyàn gbà wọlé. Géèmù kan náà, ojú-ìwé méjì, ìpamọ́ méjì tí kò mọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rò pé iṣẹ́ àwọn ti sọnù, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà wọlé. Ẹ kọ́kọ́ padà sí àdírẹ́sì tó ń lò tẹ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti táàbù méjì. Tí ọmọ bá ṣí géèmù kan náà sí táàbù méjì, èyí tó ti wà láti àárọ̀ lè tọ́jú ayé àárọ̀ lé orí ti ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. Táàbù kan ṣoṣo ni kó máa ṣí.

Bàbá Ìbejì, Challenge

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò kàn ní kí ọmọ máa ṣe géèmù tó ń béèrè àkáǹtì? Orí sábà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ni géèmù, ni gbogbo nǹkan á wà, ibi yòówù kó ti wọlé á bá a. Iná lè lọ nílé, kọ̀ǹpútà lè jóná, kò ní kàn án.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Mọ́níyà

Bàbá Ìbejì, ẹ ò parọ́, ó dára fún ẹni tó ní dátà nígbà gbogbo. Ẹ rántí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó wà lórí sábà, ọwọ́ oníṣẹ́ ló wà. Tí wọ́n bá kógbá sílé, tàbí tí wọ́n ti àkáǹtì ọmọ pa, kò sí fáìlì kankan lọ́wọ́ wa. Ẹ wo ti Flash, ètò tí ọ̀pọ̀ géèmù inú bíráwúsà fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀: Adobe dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 31 Oṣù Kejìlá 2020, nígbà tó sì di 12 Oṣù Kìíní 2021 kò jẹ́ kí géèmù Flash ṣí mọ́. Fáìlì ìpamọ́ àwọn kan ṣì wà lórí díìsìkì wọn, fáìlì tó ń parí sí .sol. Ẹni tó tọ́jú tirẹ̀ ṣì ní ohun kan lọ́wọ́. Ní ti èmi, àkáǹtì dára, fáìlì sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ti iná tí ẹ dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Géèmù máa ń tọ́jú ara rẹ̀ láàárín àkókò kan sí èkejì. Ti Cookie Clicker jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ti òmíràn lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, ohun tí ọmọ kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú tó kẹ́yìn á bá iná lọ. Kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Save tó bá ti parí òpó kan.

Ẹ̀gbọ́n Àpáta

Ẹ ò tíì sọ ti fóònù Android, bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Ibi tí Chrome ń kó ẹrù sí lórí Android, áàpù tí wọ́n fi ń wo fáìlì kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà fódà tí onímọ̀ẹ̀rọ kọ́ wa yẹn kò ṣeé ṣe níbẹ̀, Export nìkan ló kù. Géèmù tí kò bá ní Export, kí ọmọ má kọ́ ohun tó máa dùn ún sórí fóònù.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń dá ààyè sílẹ̀. Tí ẹ bá wọ Settings fóònù, tí ẹ yan Chrome, tí ẹ tẹ Clear data, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Clear cache lásán kì í fọwọ́ kan ayé géèmù. Nínú Chrome fúnra rẹ̀, "Cached images and files" ni kí ẹ sàmì sí, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Cookies". Ẹni tó bá sì ń ta fóònù rẹ̀ ní Ìwó Road kó kó ti ọmọ jáde kó tó fà á lé oníbàárà lọ́wọ́.

Ìyá Ayọ̀, Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ó ṣí o! Orí lápútọ́ọ̀pù àbúrò mi ní Mókọ́lá la ti dán an wò. Mápó dúró digbí, òpó rẹ̀ pé. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ìbéèrè kan ló kù. Ayọ̀ rí fídíò kan tí wọ́n ti ní kí èèyàn tẹ F12, kó lẹ kóòdù kan sínú Console, pé ó máa fi Export sínú géèmù náà. Ṣé kó ṣe é?

Akọkóòdù, Ring Road

Ẹ kú oríire, mà. Rárá o, kó má ṣe é. Kóòdù tí èèyàn bá lẹ̀ síbẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bíi pé sáìtì náà gan-an ló kọ ọ́. Ó lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ó lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó sì lè gba àkáǹtì tó bá wà ní ṣíṣí nínú sáìtì yẹn. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń jí àkáǹtì àwọn ọmọdé. Tó bá wù ú láti rí ohun tí géèmù tọ́jú, kó tẹ F12, kó lọ sí Application, kó má dé Console rárá. Á rí Local Storage àti IndexedDB ní apá òsì, ó lè wo inú wọn láì lẹ nǹkan kan mọ́ ibẹ̀.

Kó kọ̀wé sí àwọn tó ni géèmù náà, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi Export sí i. Àwa akọgéèmù máa ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdé ló kọ ọ́. Bí Import, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kó fáìlì padà wọ inú géèmù, bá wá dé lọ́jọ́ kan, kó kọ́kọ́ kó èyí tó wà nílẹ̀ jáde kó tó tẹ̀ ẹ́, torí èyí tó bá ń wọlé sábà máa ń pa èyí tó bá nílẹ̀ rẹ́.